Ẹ̀sùn ni kọ́ọ̀dù, kì í ṣe ìdájọ́

Òwe kan wà tí àwọn àgbà wa fẹ́ràn: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí. Ṣùgbọ́n bí èmi bá jẹ́ lọ́yà àjẹ́ yẹn, ìbéèrè ni màá kọ́kọ́ bi ilé ẹjọ́. Kí ni ọmọ náà jẹ kó tó sùn? Ṣé ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta? Ta ló rí àjẹ́ náà nítòsí ilé wọn? Igbe lásán kì í ṣe ẹ̀rí, ì báà dún títí ilẹ̀ ó fi mọ́.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o. Ìwé òfin ni mo kà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ibi tí mo ti rí i kí èèyàn wá ẹ̀rí dáadáa kó tó dájọ́, èyí tó wọ̀ mí lára jù kò ṣẹlẹ̀ ní kóòtù. Inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Mushin ni, níbi tí bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ti ń wá ohun tó ń ṣe ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣe é, torí pé púpọ̀ nínú wa ló ń fi owó oṣù ra páàtì tí ọkọ̀ wa kò béèrè fún.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọ̀rẹ́ mi yìí ń ṣe ní Yábàá. Ó fi ọdún mẹ́rin tọ́jú owó, ó sì ra ọkọ̀ tó ti ń lá láti ilé ìwé gíga: ọkọ̀ eléré-ìje, ilẹ̀kùn méjì, tòkunbọ̀ láti Jámánì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́fà, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, nítorí ẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe tiwọn, ẹ máa rí i.

Nígbà tó yá, iná “check engine” tàn. Ọkọ̀ náà ń dúró dáadáa tó bá wà lójú kan, kì í gbọ̀n, kì í kú nínú go-slow. Ṣùgbọ́n tó bá dé ojú ọ̀nà tó gba eré, tó tẹ iná mọ́ ọn, kò fà. Epo tó ń mu sì pọ̀ sí i. Ó ní, “Bọ̀bọ́, danfo já mi sílẹ̀ lórí Third Mainland lánàá. Danfo o!” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín fún òun.

Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà níbẹ̀ ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wo fóònù rẹ̀, ó ní P0012 ni, camshaft ni. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Iná kú fún ọjọ́ méjì, ó tún tàn. Ó ní á jẹ́ pé solenoid ni. Wọ́n pààrọ̀ ìyẹn náà. Iná tún tàn. Owó tó ti lọ di ₦210,000. Ìgbà yẹn ló wá sọ pé camshaft adjuster fúnra rẹ̀ ló ti bàjẹ́, pé wọ́n máa tú iwájú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n pààrọ̀ adjuster àti ṣéènì pọ̀. Owó rẹ̀: ₦1,350,000.

“Báwo lo ṣe mọ̀ pé òun ni?” ni ọ̀rẹ́ mi bi í. Èsì tó fún un ni: “Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́.”

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, torí pé ọ̀rọ̀ “kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́” yìí ti di ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé wa lápò. Kí ni kọ̀ǹpútà sọ gan-an?

Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù, fáàfù wà tó ń ṣí kí afẹ́fẹ́ wọlé, òmíràn sì wà tó ń ṣí kí èéfín jáde. Ọ̀pá tó ń ṣí wọn, tó sì ń jẹ́ kí wọ́n padé, ni camshaft. Crankshaft nísàlẹ̀ ló ń yí i, ṣéènì tàbí bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Bí crankshaft bá yí lẹ́ẹ̀mejì, camshaft á yí lẹ́ẹ̀kan. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti so wọ́n pọ̀, ó parí nìyẹn: àsìkò kan náà ni fáàfù máa ń ṣí, ì báà ṣe pé ọkọ̀ wà nínú go-slow, ì báà ṣe pé ó ń sáré lọ sí Ìbàdàn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àsìkò tó dára fún eré kò dára fún ìdúró. Ẹni tó ń sáré kì í mí bí ẹni tó jókòó.

Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi wá ọ̀nà láti máa yí àsìkò náà padà bí ọkọ̀ ti ń lọ. Alfa Romeo gbé irú rẹ̀ sínú Spider ní ọdún 1980. Honda gbé VTEC tiẹ̀ jáde ní 1989. Porsche fi VarioCam sínú 968, BMW bẹ̀rẹ̀ VANOS ní 1992. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ olówó nìkan ni o. Corolla tí ẹ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n kọ VVT-i sí lára, irú rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Jíà tó wà ní orí camshaft kò lẹ̀ mọ́ ọn tímọ́tímọ́ mọ́. Adjuster ló wà láàrin wọn, ohun èlò róbótó kan tó ní ihò kéékèèké nínú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń wọ inú àwọn ihò náà, agbára ọ́ìlì yẹn ló sì ń ti camshaft síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Solenoid, ìyẹn fáàfù kékeré oníná, ló ń pinnu ibi tí ọ́ìlì máa gbà. Brain box ló ń pàṣẹ fún solenoid. Sẹ́ńsọ̀ ló sì ń padà wá jábọ̀ fún brain box pé, “Ọ̀gá, ibi tí camshaft wà rèé.”

Ẹ ka iye àwọn tó wà nínú ẹjọ́ yìí: brain box, wáyà, solenoid, ọ́ìlì, ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà, pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì, adjuster, ṣéènì, sẹ́ńsọ̀. Ohun tí P0012 ń sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: camshaft tó ń ṣí fáàfù afẹ́fẹ́ ní apá kìíní ẹ́ńjìnnì ń pẹ́ lẹ́yìn ju bí mo ṣe pàṣẹ lọ. Ó parí. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Brain box kò ní ojú tó fi ń wo inú adjuster. Ó pàṣẹ, àṣẹ kò ṣẹ, ó sì fi ẹjọ́ sùn. Ohun tó ń jẹ́ kọ́ọ̀dù nìyẹn. Ìwé ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìwé ìdájọ́.

Nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ẹ̀ka 36, abala 5, ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ṣì jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì sọ irú ẹ̀rí tí a ń béèrè: èyí tí iyèméjì tó nítumọ̀ kò sí nínú rẹ̀. N kò sọ pé adjuster ní ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọgbọ́n tó wà nídìí òfin yẹn kì í ṣe ti kóòtù nìkan. Ọgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ fi owó ẹlòmíràn ṣòfò ni.

Ẹnìkan ló júwe bàbá Mushin fún wa. A bá a tó jókòó lórí àpótí, tó ń bu ewédú sórí ẹ̀bà. Ọ̀rẹ́ mi kí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kíákíá.

“Bàbá, adjuster ọkọ̀ mi ló bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ máa gbà?”

“Ta ló ní adjuster ni?”

“Kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́, sà.”

“Kọ̀ǹpútà ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló sọ?”

“P0012, sà.”

“Ẹn-ẹ́n. Ìyẹn ló sọ. Adjuster, ẹnu ẹlòmíràn ló ti jáde.”

Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Lọ́yà àgbà ló máa ń ya ohun tí ẹlẹ́rìí rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún un.

Bàbá jẹun tán, ó fọwọ́, kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó máa ń pariwo bíi ṣéènì kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí o bá ṣáná sí i láàárọ̀? Rárá, sà. Irú ọ́ìlì wo lo ń rọ sí i? Ọ̀rẹ́ mi ní èyí tí wọ́n máa ń rọ fún gbogbo ọkọ̀ ni, 20W-50. Bàbá mi orí. Ta ló tú ẹ́ńjìnnì yìí kẹ́yìn? Ọ̀rẹ́ mi ronú, ó wá rántí pé nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, ọ́ìlì ń jò lókè, wọ́n sì ṣí ìdérí fáàfù apá kan, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Apá wo? Apá ọ̀tún. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí kan.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè márùn-ún yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi í ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ló tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ó so scanner tirẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ náà yíká àdúgbò kí àwa méjèèjì jókòó sẹ́yìn máa wo ojú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń pè ní live data ló ṣí. Ó kọ ibi tí brain box fẹ́ kí camshaft wà, ó sì kọ ibi tó wà ní tòótọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, méjèèjì wà ní òdo, wọ́n bára mu. Nígbà tí wọ́n tẹ iná mọ́ ọn, brain box ní kó lọ sí dígírì 28. Apá kejì dé 27. Apá kìíní dúró sí 2.

Àwòrán yẹn nìkan ti dá ẹni méjì sílẹ̀. Bí ṣéènì bá ti nà tàbí tó ti fo eyín, ìdúró òdo yẹn kò ní bára mu, kọ́ọ̀dù mìíràn bíi P0016 ló sì sábà máa ń jáde. Sẹ́ńsọ̀ náà ń jábọ̀ dáadáa, bí kò bá ṣiṣẹ́, P0340 la máa rí. Ẹ̀yin èèyàn mi, sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀, tí wọ́n ti gbowó rẹ̀, kò jẹ̀bi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó fi géèjì wọn agbára ọ́ìlì. Ó pé. Pọ́ọ̀ǹpù, máa lọ sílé rẹ. Ó fi mítà wọn wáyà àti solenoid. Iye tó rí bá ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ mu. Tí wáyà bá já, P0010 ni brain box ì bá kọ.

Èyí tó tẹ̀lé e ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ wà lójú kan. Bàbá fa iná láti bátìrì, ó fi kan solenoid apá kejì fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n rìrì, ó fẹ́ kú. Ó ní, “Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo tì í síwájú nígbà tó yẹ kó sinmi, inú rẹ̀ ò dùn.” Ó wá fi kan ti apá kìíní. A gbọ́ tí solenoid dún “kà”. Ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ mira. Bí ẹni pé wọ́n pe adití.

Ẹ jẹ́ ká ro ó. Solenoid dún, ó túmọ̀ sí pé iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì mira. Ṣùgbọ́n camshaft kò gbọ́. Kí ó tó fi orúkọ solenoid kúrò lórí ìwé, bàbá tún ṣe ohun kan sí i: ó tú solenoid méjèèjì, ó gbé ti ọ̀tún sí òsì, ó gbé ti òsì sí ọ̀tún, ó pa kọ́ọ̀dù rẹ́, ó ní kí wọ́n tún wa ọkọ̀ yíká. Bí solenoid bá jẹ̀bi, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀lé e dé apá kejì, kọ́ọ̀dù á sì di P0022. A padà dé. P0012 ni. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kò kúrò nílé rẹ̀. Solenoid kejì tí ọ̀rẹ́ mi san owó rẹ̀, aláìṣẹ̀ ni òun náà.

Afurasí méjì ló kù: adjuster, tàbí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan máa gba kí wọ́n tú iwájú ẹ́ńjìnnì, owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Èkejì máa gba sípánà kan àti ìdajì wákàtí. Èwo lẹ rò pé bàbá kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Asẹ́ kékeré kan wà nínú ọ̀nà ọ́ìlì náà, kó tó dé solenoid. Kò tó èékánná ọmọdé. Bàbá fa á yọ, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní ká wò ó. Ọ́ìlì tó ti di ẹrẹ̀ ló bò ó, àti ègé gọ́ọ̀mù kéékèèké, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ìdérí fáàfù lápá ọ̀tún nígbà yẹn. Ó ti dí pátápátá. Bàbá wo páálí tó kọ nǹkan sí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó fọ̀ ọ́, ó fọ ti apá kejì náà, ó da 20W-50 yẹn nù, ó rọ ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ náà béèrè, ó pààrọ̀ fílítà. Ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ó tún fi iná bátìrì kan solenoid apá kìíní. Ẹ́ńjìnnì gbọ̀n rìrì bíi ti ẹnìkejì rẹ̀. Ìgbà yẹn, ìgbà yẹn nìkan, ló tó sọ pé, “Adjuster ò ṣe nǹkan kan.” A tún wa ọkọ̀ yíká. Brain box ní 28, apá kìíní dé 27.

Owó àyẹ̀wò ₦35,000. Ọ́ìlì àti fílítà ₦120,000. Iṣẹ́ ọwọ́ ₦30,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦185,000, kò tó ohun tó ti ná sórí páàtì méjì tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Bàbá sì kìlọ̀ fún un pé kó padà wá lẹ́yìn 1,500 kìlómítà láti tún ọ́ìlì pààrọ̀, torí pé èyí tó mọ́ yìí á máa fọ ìdọ̀tí àtijọ́ kúrò, asẹ́ náà sì lè tún dí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ báyìí: “Olè ni mẹkáníìkì àkọ́kọ́.” N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn kò jí nǹkan kan. Ó mé e ni, ó sì lérò pé òun mọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká bi ara wa ni: ta ló kọ́ ọ láti máa mé e? Àwa ni.

Ẹ wò ó. Tí mẹkáníìkì bá sọ pé ₦100,000 ni páàtì, a máa dún-àá-dúrà, a máa san án. Tó bá sọ pé ₦35,000 lòun máa gbà kí òun tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, a máa bínú. “Kí n sanwó pé o wo ọkọ̀ mi? Ojú lásán?” Ohun tí a lè dì mú la gbà pé ó ní iye. Ọpọlọ tí bàbá yẹn lò fún wákàtí mẹ́ta, kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n lára dáadáa. Bí n kò bá gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ti pè mí pé “lọ́yà, ìbéèrè kékeré kan péré ni”, màá ti ra ọkọ̀ eléré-ìje tèmi náà.

Nígbà tó jẹ́ pé orí páàtì nìkan ni mẹkáníìkì ti lè rí èrè, kí lẹ rò pé yóò máa rí nínú ọkọ̀ gbogbo? Páàtì tó bàjẹ́ ni. Ìyà náà sì ń padà sórí wa. Ẹ fi scanner pẹ́ńpẹ́ tí ń bá fóònù ṣiṣẹ́ kún un, tí ẹnikẹ́ni lè rà, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka ohun tó wà lẹ́yìn kọ́ọ̀dù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìwà yìí kò sì mọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ara bá gbóná díẹ̀, a ti sáré dé kẹ́míìsì: “Ẹ fún mi ní ti ibà àti ti taifọ́ọ̀dù.” Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ní kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fún èèyàn lóògùn ibà. Ọdún mélòó rèé? Wọ́n kígbe “olè!” mọ́ ẹnìkan lọ́jà, táyà ti wà lọ́rùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó jí. Ọmọkùnrin da irun, ó wa ọkọ̀ tó dára, wọ́n ti ní Yahoo ni. Ọ̀rẹ́ mi yìí da irun, ó sì wa ọkọ̀ eléré-ìje, kò sẹ́ni tó yẹ kó mọ̀ jù ú lọ pé ohun tí a fi ojú rí kì í ṣe ẹ̀rí. Síbẹ̀, ó kù díẹ̀ kó fi irú ojú yẹn pa adjuster tí kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo wa ni àjẹ́ àná ń dùn mọ́ lẹ́nu.

Kí n má parọ́, ìgbà míì wà tí adjuster jẹ̀bi ní tòótọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, píìnì kékeré kan wà tó ń dì í mú tí ọkọ̀ bá kú. Bí píìnì náà bá ti jẹ, ẹ máa gbọ́ ariwo gbàràgàdà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ bá ṣáná láàárọ̀. Tó bá sì jẹ́ P0016 lẹ rí, tí ṣéènì ń pariwo, ẹ má wa ọkọ̀ náà kiri mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí ṣéènì bá fo, pístìn máa gbá fáàfù, ìnáwó tó bá sì dé lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ṣàárò ₦1,350,000. N kò sọ pé kí ẹ má pààrọ̀ páàtì. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀rí ló pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò le. Ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín, ẹ rọ ọ́ìlì tó béèrè fún, kì í ṣe èyí tó pọ̀ lọ́jà. Ẹ san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì mọ̀ pé ẹ máa san án, ì báà rí páàtì tó bàjẹ́, ì báà má rí. Ẹ gba ìwé owó. Ẹ ní kí wọ́n kó páàtì àtijọ́ fún yín. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní FCCPA ti ọdún 2018, fún yín ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ tí ẹ sanwó fún bó ṣe yẹ. Bí iṣẹ́ náà kò bá dára tó, ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá ìwọ̀n tó tọ́ padà nínú owó yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba ìwé kankan, kí ló fẹ́ gbé wá síwájú èmi lọ́yà?

Tí ẹnìkan bá sì tún sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ni kọ́ọ̀dù náà sọ gan-an? Kí ni àwọn ohun mìíràn tó lè fà á? Àyẹ̀wò wo lẹ ti ṣe tó dá àwọn yòókù sílẹ̀? Bó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fún un níṣẹ́, ẹ má sì já owó rẹ̀ lulẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, kí ẹ máa lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, scanner náà kò sì ju ẹnìkan lọ.